Egungun itan ìyá wa ṣẹ́ lókè orúnkún irin: kí ni ó yẹ kí a béèrè kí a tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ?

Ọmọ Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin onímọ̀ ìṣègùn tó wà níbí, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyá wa ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní ọdún 2016 ni àwọn dókítà bá wọn pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún sí èyí tí a fi irin àti ike ṣe, nítorí oríkèé ríro tí kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn ilé ara wọn mọ́. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere, wọ́n padà sí ìsọ̀ aṣọ wọn ní Ọjà Ọba, wọ́n sì ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹsẹ̀ wọn yọ̀ ní balùwẹ̀, wọ́n fi orúnkún náà gúnlẹ̀, wọn kò sì lè dìde mọ́.

Mo gbé fíìmù X-ray wọn sí ojú fèrèsé, mo sì tẹjú mọ́ ọn. Irin náà funfun báláú. Ilà dúdú kan tó tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ láti igun iwájú irin náà lókè, ó dábùú gòkè lọ sí ẹ̀yìn egungun itan, apá òkè egungun sì ti yẹ̀ síwájú díẹ̀ kúrò lórí apá ìsàlẹ̀. Dókítà tó kọ́kọ́ rí wọn sọ pé iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà, ó sì ní kí a lọ wá ìwé iṣẹ́ abẹ ti 2016 wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ọkùnrin, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í bọ́ sílẹ̀ nínú ẹbí wa, kò gbà. Wọ́n ní irin náà ló ba egungun jẹ́, pé a kì í fi irin kún irin, àti pé bàbá kan wà lójú ọ̀nà Ìdànrè tó ń to egungun, tí yóò sì tò ó láìlo abẹ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, kí ló fà á tí egungun fi ṣẹ́ níbi tí irin wà gan-an? Ṣé kò lè jinná nínú POP (ìdè funfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́ mú) lásán? Kí sì ni wọ́n fẹ́ fi ìwé ọdún 2016 ṣe, nígbà tí egungun tó ṣẹ́ lónìí ni ìṣòro wa? Wọ́n ṣì wà ní ilé ìwòsàn kékeré kan níhìn-ín, wọ́n fi pátákó àti báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà mú fún ìgbà díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Láje, Òǹdó

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Wọ́ọ̀dù egungun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ dókítà tó rí fíìmù yẹn tó sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màmá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ borí tèmi.

Kí a tó débi iṣẹ́ abẹ rárá, ẹ lọ wo ẹsẹ̀ Màmá nísinsìnyí. Ẹ ní kí wọ́n mi ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè sí ọ̀dọ̀ ara wọn. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá èyí tó farapa tutù ju èkejì lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá, kò sì jìnnà sí ibi tí egungun wọn ti ṣẹ́. Iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tutù, tí ó ṣú, tí ó ń kú tipiri, tàbí tí ìrora rẹ̀ ń pọ̀ sí i láìka oògùn tí wọ́n lò sí, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tú báńdéèjì náà wò, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a.

Ní ti ohun tó fà á, irin náà kọ́ ló ba egungun jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá yín kò fi gbogbo ara ṣì í sọ. Irin le, egungun tó yí i ká kò sì le tó o, pàápàá lára ìyá tó ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù, tí egungun rẹ̀ ti fúyẹ́ nínú nítorí osteoporosis. Bí a bá ki páìpù irin bọ orí ọparun, tí a wá fi tipá tẹ̀ ẹ́, ibi tí páìpù parí sí ni ọparun yóò ti ṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo egungun tó lè ṣẹ́ ní àyíká orúnkún àtọwọ́dá, ìsàlẹ̀ egungun itan ló wọ́pọ̀ jù. Egungun pẹlẹbẹ tó bo iwájú orúnkún àti egungun ojúgun náà lè ṣẹ́, àmọ́ wọn kò pọ̀ tó o. Nígbà mìíràn, bí wọ́n ti ń gé egungun láti fi irin jókòó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ayùn lè jẹ iwájú egungun itan wọnú díẹ̀, ojú ibẹ̀ a sì di ibi àìlera. Kò sì wọ́pọ̀ bí ẹ̀rù ti ń ba àwọn èèyàn: ìwádìí ilẹ̀ òkèèrè sábà máa ń fi ìṣẹ́ egungun itan lẹ́yìn pípààrọ̀ orúnkún fún ìgbà àkọ́kọ́ sí àárín 0.3 àti 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣubú pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ inú ilé bíi ti Màmá ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀.

Wàyí o, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ gbọ́dọ̀ gbé dìde níwájú dókítà, òun ló sì bí gbogbo ìyókù: ṣé irin náà ṣì dì mọ́ egungun ṣinṣin, àbí ó ti tú? Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn oníṣẹ́ abẹ egungun méjì, Lewis àti Rorabeck, pín ìṣẹ́ egungun itan yìí sí ọ̀nà mẹ́ta, ìpín náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣì ń lò títí dòní. Nínú èkíní, egungun ṣẹ́ ṣùgbọ́n kò yẹ̀, irin sì dúró. Nínú èkejì, egungun yẹ̀, àmọ́ irin ṣì dúró. Nínú ẹ̀kẹta, irin ti tú tàbí ó ti bàjẹ́, ìbáà jẹ́ pé egungun yẹ̀ tàbí kò yẹ̀. Èkíní nìkan ni POP tàbí ìdè ẹsẹ̀ lè tó fún, wọ́n yóò sì máa ya X-ray léraléra ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láti rí i pé kò yẹ̀ lẹ́yìn náà. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣàpèjúwe fíìmù Màmá, ó jọ pé tiwọn ti kọjá èkíní. Bí egungun tó ti yẹ̀ bá jinná sínú POP ní wíwọ́, orúnkún náà kò ní tọ́ mọ́, irin tó wà nínú rẹ̀ yóò sì máa jẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìwé 2016 tí wọ́n ní kí ẹ wá, ẹ wá a dójú àmì. Nínú fáìlì iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń lẹ àwọn ìwé pélébé tó bá irin náà wá mọ́ ojú ewé kan. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, irú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ wà lára wọn. Oríṣi irin kan ní àlàfo láàárín, tí wọ́n lè gba ibẹ̀ ti ọ̀pá irin gígùn bọ inú ihò egungun itan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Oríṣi mìíràn dí pátápátá láàárín, kò sí ọ̀nà fún ọ̀pá láti ìsàlẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí a ń fi síkúrù dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìta egungun ni wọ́n sábà máa ń lò fún un. Bó bá sì jẹ́ pé irin náà ni wọn yóò yọ, wọ́n ní láti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ yọ kí wọ́n tó la ẹsẹ̀.

Bàbá Arákálẹ̀

Mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n kí a má sọ̀rọ̀ àwọn tó ń to egungun bí ẹni pé aláìmọ̀kan ni gbogbo wọn. Apá mi òsì ṣẹ́ nígbà tí mo ṣì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀dọ̀ wọn ni mo lọ, apá náà nìyí, mo ń fi í gbé nǹkan. Owó tí ilé ìwòsàn ń béèrè lónìí kì í ṣe owó tí gbogbo ẹbí lè dá ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ìbílẹ̀, kì í ṣe pé ó kórìíra ìyá náà.

Nọ́ọ̀sì Láje, Òǹdó

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀tọ́ lẹ sọ ní ti owó. Ní ti apá tí kò ní irin nínú, n kò bá yín jiyàn. Ọ̀rọ̀ Màmá yàtọ̀ nítorí gbẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í to egungun láìsín gbẹ́rẹ́, tí wọn yóò sì fi oògùn ra ojú rẹ̀. Kòkòrò tó bá gba ojú gbẹ́rẹ́ wọlé lára ẹni tí kò ní irin nínú, ara lè bá a jà, oògùn sì lè pa á. Bó bá dé ara irin, ńṣe ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò fi ohun yíyọ̀ kan bo ara rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn kò fi ní lè dé ibi tó wà dáadáa. Èyí tó bá ti wọlé báyìí, tó sì ti pẹ́, kì í sábà kúrò láìjẹ́ pé wọ́n yọ irin náà pátá, kí wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ ọ̀hún fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó tún fi òmíràn sí i. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́, ìlọ́po rẹ̀ ni ẹ óò ná. Yàtọ̀ sí èyí, apá ìsàlẹ̀ egungun tó ṣẹ́ yìí kúrú, irin ló sì gba inú rẹ̀, kò sí ibi tí ọwọ́ tàbí ọparun lè dì mú kí ó má yí. Bí wọ́n bá sì so ó le jù nínú ìwú, ẹsẹ̀ lè kú. A máa ń gba irú wọn wọlé, gígé ló sì máa ń parí sí fún àwọn mìíràn.

Akin ọmọ Ọ̀wọ̀

Ọ̀rẹ́ mi, irú èyí ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi, mo fẹ́ fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì tí kò yẹ kí ẹ gbójú fò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá orúnkún náà ti ń dùn wọ́n kí wọ́n tó ṣubú, ní pàtàkì bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dìde lórí àga ni ó ń dùn, tí ó sì ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá ti rìn díẹ̀. Bàbá mi ti ń sọ ọ́ fún wa fún oṣù mélòó kan pé àwọn ń gbọ́ kíkì nínú orúnkún; a rò pé àgbà ni. Nígbà tí egungun ṣẹ́, oníṣẹ́ abẹ fi fíìmù ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ orúnkún náà sí ẹ̀gbẹ́ tuntun, ó sì fi hàn wá pé ojú dúdú tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti yí irin ká níbi tí sìmẹ́ńtì ti dì í mú tẹ́lẹ̀. Irin náà ti tú kí wọ́n tó ṣubú rárá. Ike tó wà láàárín irin méjèèjì ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀, èérún rẹ̀ sì ń mú kí ara máa jẹ egungun tó yí irin ká.

Nítorí náà ni wọn kò ṣe fi irin pẹlẹbẹ dè é fún bàbá mi. Wọ́n yọ orúnkún àtijọ́, wọ́n fi èyí tí ọ̀pá gígùn wà lára rẹ̀ sí i, ọ̀pá náà gba inú egungun kọjá ibi tó ṣẹ́. Dókítà tún sọ fún wa pé fún arúgbó tí egungun ìsàlẹ̀ itan rẹ̀ bá ti fọ́ wẹ́wẹ́, tí kò sí ibi tí síkúrù lè jẹ mọ́, wọ́n lè gé ìsàlẹ̀ egungun náà kúrò pátápátá kí wọ́n fi irin ńlá rọ́pò rẹ̀, àǹfààní rẹ̀ ni pé onítọ̀hún lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ní kíá. Ṣùgbọ́n irin bẹ́ẹ̀ wọ́n púpọ̀, kì í sì í wà nílẹ̀ ní gbogbo ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó la bàbá mi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láti mọ̀ bóyá kòkòrò ló tú irin náà. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún Màmá.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé Màmá sí ẹ̀yìn mọ́tò kékeré pẹ̀lú orúnkún kíká, bí ẹ bá ń gbé wọn lọ sí Òǹdó tàbí Ọ̀wọ̀. Kí ìdè ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè itan títí dé ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ̀yin náà mọ ihò tó wà lójú ọ̀nà wa.

Físíò Alágbàká

Mo bá yín kẹ́dùn o. Àwọn tó ṣáájú ti sọ ti egungun. Ti ẹni tó ni egungun ni kí n sọ. Nínú àwọn àgbàlagbà, ewu ikú láàárín ọdún kan lẹ́yìn irú ìṣẹ́ yìí fara jọ ti ìṣẹ́ egungun ìbàdí. Egungun fúnra rẹ̀ kò pa wọ́n. Ìdùbúlẹ̀ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dídì wá nínú iṣan ẹsẹ̀, àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, àti egbò ìdí. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ọn pé kí ẹbí máa ṣe ìpàdé lọ títí. Ní báyìí tí wọ́n ṣì ń dúró de iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n máa mi ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì sókè sódò ní wákàtí wákàtí, kí wọ́n máa mí kanlẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n nílò abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo oògùn tí Màmá ń lò jọ sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì fún ara ríro, kí ẹ sì gbé e fún dókítà. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ni mo ti bá pàdé tó ń lo prednisolone tàbí dexamethasone láti ọdún mọ́dún nítorí pé ó ń mú ìrora fò lọ. Oògùn méjèèjì a máa sọ egungun di ẹlẹgẹ́, a sì máa dá jíjinná ojú ọgbẹ́ dúró. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì fúnra yín, nítorí ara tó ti mọ́ ọn lára lè dà rú. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tí ẹ ó bi oníṣẹ́ abẹ ni ìwọ̀n tí Màmá lè fi tẹ ẹsẹ̀ náà. Ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n kàn fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Bí irin ṣe di egungun mú sí ni. Wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a ń dì mú rìn, ni kí ẹ rà, kì í ṣe ọ̀pá abẹ́ apá, nítorí apá ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kì í sábà lè gbé ara wọn lórí ọ̀pá méjì. Kíká orúnkún kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí egungun bá jinná, àyàfi tí dókítà bá kà á léèwọ̀. Orúnkún tí a kò ká fún oṣù mẹ́ta yóò le gbagidi, orúnkún tó sì le ló tún ń ṣubú. Ìjinná fúnra rẹ̀ lè gbà tó oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti balùwẹ̀, ẹ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri, kí ẹ sì kó àwọn ẹní pẹlẹbẹ tó ń yọ̀ kúrò lórí táìsì.

Ọmọ Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹsẹ̀ Màmá móoru, wọ́n sì ń mi ọmọ ìka dáadáa. Wọ́n ní orúnkún náà kò dùn wọ́n rárá kí wọ́n tó ṣubú. Àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn lọ sí ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n bá a wá fáìlì náà jáde, àwọn ìwé pélébé tí Nọ́ọ̀sì sọ sì wà lára rẹ̀. Ó ya fọ́tò wọn ránṣẹ́. Oníṣẹ́ abẹ tí a fi hàn ní Òǹdó sọ pé irin náà ṣì dì mú lójú fíìmù, pé ó ní àlàfo láàárín, ṣùgbọ́n pé irin pẹlẹbẹ ni òun fẹ́ lò nítorí pé ibi tó ṣẹ́ súnmọ́ irin jù. Ṣé ó yẹ kí n bá a jiyàn? Bàbá wa, ẹ̀gbọ́n ìyá wa yẹn, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ náà, wọ́n ní kí a máa lọ, àmọ́ kí n béèrè bóyá wọn yóò yọ irin náà lẹ́yìn tí egungun bá jinná.

Nọ́ọ̀sì Láje, Òǹdó

Ẹ má bá a jiyàn o, ìdí tó sọ mọ́gbọ́n dání. Bí apá egungun tó wà nísàlẹ̀ bá kúrú, síkúrù ọ̀pá kì í rí ibi púpọ̀ jẹ mọ́, nígbà tí irin pẹlẹbẹ ìgbàlódé ní ihò púpọ̀ ní ìsàlẹ̀ tí síkúrù ń gbà dì mọ́ irin fúnra rẹ̀. Ẹ kàn bi í léèrè bóyá orúnkún irin tó ní ọ̀pá gígùn, bíi ti bàbá Akin, lè wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó bá la ẹsẹ̀ tó sì rí i pé orúnkún náà ti tú láìfarahàn lójú fíìmù. Bí kò bá sí nílẹ̀, kí ẹ jọ mọ ohun tí yóò ṣe kí Màmá tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ẹ sọ fún Bàbá pé wọn kì í sábà yọ irin pẹlẹbẹ yẹn lára àgbàlagbà, àyàfi bó bá ń dùn wọ́n tàbí tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́. Ẹ wá ẹni méjì tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì mú fíìmù 2016 dání pẹ̀lú fáìlì náà, bí wọ́n bá rí i fún yín.